Ìfiwéra Kẹ́míkà Ajọra fún Wíwọn Oró Nínú Omi

Ìfiwéra kẹ́míkà ajọra jẹ́ ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà láti mọ ìwọ̀n ìpalára tí kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ kan lè ṣe fún ẹja àti àwọn ohun abẹ̀mí mìíràn tó ń gbé inú omi, láì jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ dán kẹ́míkà náà fúnra rẹ̀ wò lára wọn. Wọ́n á wá kẹ́míkà mìíràn tó jọ ọ́, tí wọ́n ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi èsì èyí tí wọ́n mọ̀ sọ ti èyí tí wọn kò tíì mọ̀. Èyí tí èsì rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ni kẹ́míkà orísun. Èyí tí wọ́n ń wá èsì fún ni kẹ́míkà àfojúsùn. Bí ó bá jẹ́ pé kẹ́míkà púpọ̀ ló jọra, tí ìwà wọn sì ń yí padà ní ìtẹ̀léra láti orí ọ̀kan dé òmíràn, wọ́n á kà wọ́n sí ẹbí kan ṣoṣo, wọ́n á sì fi èsì àwọn díẹ̀ nínú ẹbí náà dí àlàfo ti àwọn yòókù.

Àwọn aláṣẹ ìlú Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù gba ọ̀nà yìí láyè nínú òfin wọn. Lára gbogbo ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù ń gbà yẹra fún àyẹ̀wò tuntun lára ẹranko, òun ni wọ́n ń lò jù. Ṣùgbọ́n gbogbo agbára rẹ̀ dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni pé ó rọrùn, ìyẹn "ìjọra". Kẹ́míkà méjì lè jọra lórí ìwé bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, kí ọ̀kan máa ṣàn kọjá lára ẹja bí omi lásán, kí èkejì sì pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi wáyé

Àyẹ̀wò mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù lọ fún oró inú omi, Àjọ OECD tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Paris ló sì ṣe ìlànà wọn. Èyí tó ní nọ́ńbà 201 ń wo bí kẹ́míkà ṣe ń dí ìdàgbàsókè àwọn ewéko omi tín-ín-tìn-ín lọ́wọ́ fún wákàtí 72. Nọ́ńbà 202 ń lo Daphnia, ẹ̀dá kékeré kan tó jẹ́ ìbátan edé, fún wákàtí 48. Nọ́ńbà 203 ni ti ẹja, wákàtí 96 ni ó ń gbà. Nínú àyẹ̀wò ẹja yìí, wọ́n á pèsè omi oríṣi márùn-ún ó kéré tán, tí ìwọ̀n kẹ́míkà inú wọn ń ga sí i ní ìpele ìpele, pẹ̀lú omi kan tí kò ní kẹ́míkà rárá. Ẹja tí wọ́n ń kó sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ dín sí méje. Ìwọ̀n tó bá pa ìdajì àwọn ẹja náà láàárín ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní LC50. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́míkà náà ṣe lóró tó, nítorí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti tó láti pani.

Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àyẹ̀wò ọlọ́jọ́ pípẹ́ tún wà. Ti ìbímọ Daphnia, nọ́ńbà 211, ń gba ọjọ́ 21. Ti ẹja láti inú ẹyin títí tí yóò fi di ọmọ ẹja tó ń wẹ̀, nọ́ńbà 210, sì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Òfin kẹ́míkà ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní REACH, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2007, gbé ìlànà kan kalẹ̀: ẹni tí kò bá ní èsì kò ní ọjà. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ṣe kẹ́míkà tó tó tọ́ọ̀nù kan lọ́dún, tàbí tó ń kó o wọlé, gbọ́dọ̀ mú èsì Daphnia àti ti ewéko omi wá. Bí ó bá tó tọ́ọ̀nù 10, ti ẹja kún un. Bí ó bá tó tọ́ọ̀nù 100, wọ́n á béèrè ti ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn kẹ́míkà tó ti wà lọ́jà ṣáájú òfin náà ní gbèdéke mẹ́ta, ọdún 2010, 2013 àti 2018, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n tí wọ́n ń ṣe lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kẹ́míkà ló wà lórí ìlà, owó àyẹ̀wò kò sì kéré. Òfin náà fúnra rẹ̀ tún sọ pé àyẹ̀wò lára ẹranko elégungun ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun ìkẹyìn tí ènìyàn yóò ṣe. Èrò yìí ti pẹ́: William Russell àti Rex Burch, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, ti kọ ìwé ní ọdún 1959 pé kí àwọn onímọ̀ wá ohun tí yóò rọ́pò ẹranko nínú àyẹ̀wò, kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń lò kù, kí wọ́n sì dín ìrora wọn kù.

Òróró àti omi

Gbòngbò ìmọ̀ yìí wà nínú ìwádìí oògùn akunnilóorun, kò sí lára ọ̀rọ̀ odò tàbí ẹja rárá. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣègùn ti ń fi ether àti chloroform kun aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ìdí tí àwọn ohun tó yàtọ̀ síra bẹ́ẹ̀ fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Hans Horst Meyer ní Marburg, ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ èsì ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1899. Charles Ernest Overton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Zürich, tẹ tirẹ̀ jáde ní ọdún 1901. Láì jẹ́ pé wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ibì kan náà ni àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí. Wọ́n kó ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ń gbé inú omi sínú omi tí wọ́n po kẹ́míkà sí, wọ́n sì wo ìwọ̀n tí yóò mú kí wọ́n dákẹ́ láì mira. Bí kẹ́míkà kan bá ṣe fẹ́ràn òróró ólífì ju omi lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n kékeré rẹ̀ ṣe tó láti kùn wọ́n lóorun.

Ìdí rẹ̀ ni pé awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dá alààyè jẹ́ ọ̀rá. Kẹ́míkà tó bá fẹ́ràn ọ̀rá á fi omi sílẹ̀, á kó ara rẹ̀ jọ sínú awọ náà, á sì dí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí ibi pàtó kan tó ń kọlù, pípọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀ nìkan ló ń fa ìpalára. Èyí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní oró ìpìlẹ̀. Kò sí kẹ́míkà aláìníyọ̀ kan tó ń wọ inú ọ̀rá tí kò ní in, ìyẹn sì ni pé oró kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ lè ga ju oró ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ó kéré sí i.

Nígbà tó yá, octanol rọ́pò òróró ólífì. Corwin Hansch ti Pomona College, ní Kalifóníà, ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń lò láti ọdún 1960 sókè. Wọ́n á da octanol àti omi pọ̀ sínú ìgò kan, wọ́n á fi kẹ́míkà sí i, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á jẹ́ kí ó silẹ̀, wọ́n á sì wọn iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí iye inú octanol bá jẹ́ ìlọ́po 1,000 ti inú omi, wọ́n á ní log Kow kẹ́míkà náà jẹ́ 3.

Ní ọdún 1981, Könemann ní Utrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, so nọ́ńbà yìí mọ́ ikú ẹja. Ó kó kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ 50 jọ, ó dán wọn wò lára guppy, ẹja kékeré tí àwọn ènìyàn ń sìn nínú dígí, ó sì rí i pé ìlà tààrà kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo wọn: log(1/LC50) = 0.871 × log Kow − 4.87, nígbà tí LC50 bá wà ní máíkírómólù nínú lítà kan. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní log Kow lọ́wọ́ lè ṣírò oró ìpìlẹ̀ kẹ́míkà lórí ìwé pélébé kan.

Ẹbí chlorobenzene, tí wọ́n ń lò fún ìyọ́rọ̀ ọ̀rá àti fún ṣíṣe àwọn kẹ́míkà mìíràn, fi bí ìṣírò náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Èyí tó ní átọ̀mù kílórínì kan ní log Kow tó jẹ́ nǹkan bíi 2.8, ìlà Könemann sọ pé LC50 rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 28 nínú lítà omi kan. Èyí tó ní kílórínì mẹ́ta ní log Kow tó jẹ́ nǹkan bíi 4.0, LC50 rẹ̀ já sí mílígíráàmù 4 àti díẹ̀. Bí kílórínì ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni oró ń ga sí i. Bí ẹnì kan bá ní èsì ẹlẹ́yọ méjì àti ti ẹlẹ́yọ mẹ́rin lọ́wọ́, kò sí ìdí tí yóò fi tún pa ẹja púpọ̀ nítorí ti ẹlẹ́yọ mẹ́ta tó wà láàárín wọn. Èyí ni ìfiwéra ní ibi tó ti dára jù: àfojúsùn wà láàárín orísun méjì, ọ̀nà sì tọ́ láti ọ̀kan dé èkejì.

Ṣùgbọ́n ìlà náà kò lọ títí láé. Hexachlorobenzene, tó ní kílórínì mẹ́fà, ni òpin ẹbí náà. Log Kow rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 5.7, ìṣírò sì sọ pé mílígíráàmù 0.2 nínú lítà kan ni yóò pa ìdajì ẹja. Omi kò lè yọ́ iye bẹ́ẹ̀: nǹkan bíi mílígíráàmù 0.005 péré ló ń gbà mọ́ra. Ẹja kò ní rí ìwọ̀n tó lè pa á láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó bá wá fi èyí sọ pé hexachlorobenzene kò léwu ti ṣìnà, nítorí kẹ́míkà náà ń kó jọ sínú ọ̀rá ara ẹja díẹ̀díẹ̀, láti ara ẹja kékeré dé ẹja ńlá, kì í sì í tètè jẹrà. Ìdí nìyí tó fi wà lára àwọn méjìlá àkọ́kọ́ tí Àdéhùn Stockholm ti ọdún 2001 dojú kọ. Ìbéèrè nípa ikú ọjọ́ mẹ́rin yàtọ̀ sí ìbéèrè nípa ìpalára ọdún mẹ́wàá, èsì ọ̀kan kì í sì í ṣe ìdáhùn fún èkejì.

Propanol àti allyl alcohol

Kò sí àpẹẹrẹ tó fi ewu inú ọ̀nà yìí hàn kedere tó ti propanol àti allyl alcohol. Inú ẹbí álíkọ́hólù ni àwọn méjèèjì ti wá, ẹbí tí ethanol inú ẹmu àti ògógóró náà wà. Propanol ní átọ̀mù kábọ̀nù mẹ́ta, háídrójìn mẹ́jọ àti ọ́síjìn kan. Ó wọ́pọ̀ nínú ọ̀dà àti nínú oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́. Allyl alcohol ní kábọ̀nù mẹ́ta, háídrójìn mẹ́fà àti ọ́síjìn kan. Wọ́n ń lò ó láti ṣe oríṣi ike àti glycerol. Háídrójìn méjì péré ni ìyàtọ̀. Níbi tí háídrójìn méjì yìí kò sí, kábọ̀nù méjì di ara wọn mú ní ìdè méjì dípò ẹyọ kan.

Log Kow wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bíi 0.25 fún propanol àti 0.17 fún allyl alcohol. Ìlà Könemann yóò fún propanol ní LC50 tó tó mílígíráàmù 2,700 nínú lítà kan, yóò sì fún allyl alcohol ní nǹkan bíi 3,000. Lójú ìṣírò, allyl alcohol tilẹ̀ rọ̀ ju ìbejì rẹ̀ lọ díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lára fathead minnow, ẹja kékeré inú odò Amẹ́ríkà ti Àríwá tí wọ́n ń lò jù fún àyẹ̀wò níbẹ̀, ti propanol jáde ní nǹkan bíi 4,500, èyí tí kò jìnnà sí ìṣírò. Ti allyl alcohol jáde ní 0.32. Ìyẹn ni pé oró rẹ̀ ga ju ohun tí ìṣírò sọ lọ ní ìlọ́po tó lé ní 9,000.

Ẹja fúnra rẹ̀ ló ń ṣe oró náà. Nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńsáímù kan wà tó ń tú álíkọ́hólù palẹ̀, irú èyí tí ènìyàn náà ní tó ń bá a ṣẹ́gun ẹmu tó mu. Bí ẹ́ńsáímù yìí bá mú propanol, ohun tó ń ti inú rẹ̀ jáde kò fi bẹ́ẹ̀ le, ara sì ń rí i lò. Bí ó bá mú allyl alcohol, acrolein ló ń ti inú rẹ̀ jáde. Àwọn tó ń din àkàrà mọ acrolein bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀: ó wà nínú èéfín tó ń ta ojú nígbà tí òróró bá gbóná jù. Nínú ara ẹja, kì í sinmi jẹ́ẹ́ nínú ọ̀rá bí àwọn kẹ́míkà ìpìlẹ̀. Ó ń dì mọ́ àwọn prótéènì pinpin, kì í sì í tú sílẹ̀ títí iṣẹ́ wọn yóò fi bàjẹ́.

Robert Lipnick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àjọ Ààbò Àyíká ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn EPA, tẹ iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 1985 tó fi èsì ẹja lórí álíkọ́hólù 55 wé ohun tí ìṣírò oró ìpìlẹ̀ sọ. Ọ̀pọ̀ wọn wà lórí ìlà. Àwọn tó jìnnà sí i, allyl alcohol àti àwọn tó ní irú ìdè rẹ̀ nítòsí ọ́síjìn, ni Lipnick ṣàlàyé pé ara ló ń sọ di olóró. (Lipnick kan náà ló darí ìtẹ̀jáde ìwé Overton ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1991, àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tó kọ́kọ́ jáde ní èdè Jámánì.)

A lè fojú inú wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ kan bá fi propanol ṣe orísun fún allyl alcohol. Nínú ètò ìpín-sí-ìsọ̀rí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ fún kẹ́míkà, èyí tí LC50 rẹ̀ kò bá ju mílígíráàmù 1 nínú lítà kan lọ wà ní ìsọ̀rí kìn-ín-ní, tó le jù. Ìsọ̀rí kejì dé 10, ìkẹta dé 100. Èyí tó bá ju 100 lọ kò ní ìsọ̀rí rárá fún oró ojú ẹsẹ̀. Ìfiwéra tí kò tọ́ yìí ìbá gbé kẹ́míkà kan láti ìsọ̀rí tó le jù lọ sí ibi tí kò sí ìkìlọ̀ kankan lára garawa rẹ̀, ẹni tó bá sì dà á sínú gọ́tà kò ní mọ ohun tó ṣe. Orísun tó tọ́ fún allyl alcohol ni acrolein fúnra rẹ̀, tàbí álíkọ́hólù mìíràn tí ara ń yí padà lọ́nà kan náà.

Ohun tó jẹ́ ìjọra

Àwọn onímọ̀ ní Utrecht, tí Verhaar ṣáájú wọn, pín kẹ́míkà sí ọ̀nà mẹ́rin ní ọdún 1992: àwọn tí oró ìpìlẹ̀ nìkan ni wọ́n ní, àwọn tí tiwọn fi díẹ̀ ga jù ú lọ, bíi àwọn phenol kan, àwọn tó ń dì mọ́ ẹ̀yà ara, àti àwọn tó ní ibi pàtó kan tí wọ́n ń kọlù, bí oògùn apakòkòrò oko ṣe ń kọlù iṣan. Ìpín yìí wúlò fún ìfiwéra nítorí pé kò bójú mu láti ka èsì láti ọ̀nà kan bọ́ sí òmíràn. Kẹ́míkà méjì tó wà ní ọ̀nà kìn-ín-ní lè jẹ́ orísun fún ara wọn bí ìrísí wọn tilẹ̀ yàtọ̀ púpọ̀. Ní ọ̀nà kẹrin, átọ̀mù kan péré tó bá yí ipò padà lè ba ohun gbogbo jẹ́.

Àfikún kọkànlá òfin REACH sọ ohun mẹ́ta tí ìjọra lè dúró lé: kí àwọn kẹ́míkà náà ní ẹ̀ka kan náà lára mólékù wọn, kí wọ́n ti ara ohun kan náà wá tàbí kí wọ́n tú palẹ̀ di ohun kan náà, tàbí kí agbára wọn máa yí padà ní ìtẹ̀léra tó ṣe é rí. Ẹ̀kejì ló máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Acetic anhydride, fún àpẹẹrẹ, kì í pẹ́ nínú omi: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ti ń di acetic acid, ìyẹn kíkan inú fínígà. Ẹja kò ní àǹfààní láti pàdé rẹ̀ pẹ́, nítorí náà èsì acetic acid ló yẹ kí ènìyàn lò fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni zinc chloride àti zinc sulphate. Bí àwọn méjèèjì bá ti yọ́ tán, íónì zinc kan náà ló ń kọlù èémí ẹja, èsì ọ̀kan sì tó fún èkejì, bí a bá ti ṣírò iye zinc tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a sì rántí pé omi tó ní kálísíọ̀mù púpọ̀ ń dín oró zinc kù.

Tin kò rí bẹ́ẹ̀. Tin tí a so mọ́ ẹ̀ka butyl mẹ́ta, ìyẹn tributyltin, ni wọ́n fi sínú ọ̀dà ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìgbín òkun má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwọ̀n tó kéré bíi nánógíráàmù mélòó kan nínú lítà kan ń mú kí abo ìgbín òkun hu ẹ̀yà ara akọ. Èyí tó ní ẹ̀ka butyl kan ṣoṣo kò lóró tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ilẹ̀ Faransé fi òfin dín ìlò tributyltin kù ní ọdún 1982 lẹ́yìn tí ìsọ̀ǹgbè bàjẹ́ ní etí òkun Arcachon, àdéhùn àgbáyé tó lé e kúrò lára ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2008. "Kẹ́míkà tin" lásán kì í ṣe ẹbí kan tí ènìyàn lè ka èsì rẹ̀ káàkiri.

Lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ

Ìlò ọ̀nà yìí nínú òfin bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà nítorí àìní. Òfin kẹ́míkà ti ọdún 1976, TSCA, fi dandan lé e pé kí ilé-iṣẹ́ fi tó EPA létí ní ọjọ́ 90 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ́míkà tuntun, ṣùgbọ́n kò fi dandan lé e pé kí ó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oró. Ọ̀pọ̀ ìwé ìfitónilétí ló ń dé láì ní èsì ẹja kankan. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá kẹ́míkà tó jọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti inú iṣẹ́ wọn sì ni ètò kọ̀ǹpútà ECOSAR ti jáde, tó pín kẹ́míkà sí ẹ̀yà tó lé ní 100. Yàrá ìwádìí EPA ní Duluth, létí adágún Superior, ló pèsè ọ̀pọ̀ èsì fathead minnow tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Nígbà tó fi di ọdún 1997, àkójọ náà ti ní kẹ́míkà 617.

Ní Yúróòpù, ẹrù wà lórí ilé-iṣẹ́. Àjọ ECHA ní Helsinki ló ń yẹ àlàyé wọn wò, ó sì tẹ ìlànà bí ó ṣe ń ṣe é jáde ní ọdún 2015, ó tún un ṣe ní ọdún 2017. Ìlànà náà pín ìfiwéra sí oríṣi mẹ́fà, ó sì ń fún apá kọ̀ọ̀kan àlàyé ilé-iṣẹ́ ní máàkì. Ọ̀pọ̀ ìfiwéra ni àjọ náà ti kọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kẹ́míkà méjèèjì lè jọra ní tòótọ́, àlàyé ni kò sí. Ilé-iṣẹ́ á yàwòrán mólékù méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, á kọ ọ́ pé wọ́n jọra, á sì dákẹ́. ECHA á béèrè pé: èérí wo ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, níwọ̀n bí kẹ́míkà ilé-iṣẹ́ kì í ti í mọ́ tán? Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dà nínú omi àti nínú ara? Ṣé èsì orísun fúnra rẹ̀ ṣe é gbára lé? Bí èsì Daphnia àti ti ewéko omi bá wà fún àwọn méjèèjì, ṣé wọ́n bára mu? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí lágbára púpọ̀. Kẹ́míkà méjì tí oró wọn dọ́gba fún Daphnia àti fún ewéko omi ní ẹ̀rí tó dára pé yóò dọ́gba fún ẹja náà. Bí wọ́n bá yàtọ̀ níbẹ̀, ìfiwéra ti ń mì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja.

Irinṣẹ́ tó gbajúmọ̀ jù fún wíwá orísun ni QSAR Toolbox, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí OECD àti ECHA jọ ń ṣe, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2008. Ó lè to ọ̀pọ̀ kẹ́míkà jọ nípa ìrísí, nípa ohun tí wọ́n ń dà nínú ara, tàbí nípa ọ̀nà tí oró wọn ń gbà ṣiṣẹ́. Kò lè pinnu fún olùlò èwo nínú àwọn ìtòjọ náà ló tọ́.

Ẹja náà kò jọra

Ìfiwéra ń béèrè bóyá kẹ́míkà méjì jọra. Ìbéèrè kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ọ̀ràn kan ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà mú jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹja coho salmon tó ń ti òkun padà wá yé ẹyin nínú àwọn odò kékeré agbègbè Seattle ń kú lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tó yé. Ìwádìí tí Zhenyu Tian, Edward Kolodziej àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní ìparí ọdún 2020 rí ohun tó fà á. Táyà ọkọ̀ ní 6PPD, kẹ́míkà tó ń dáàbò bo rọ́bà kí ozone inú afẹ́fẹ́ má bàa là á. Bí 6PPD àti ozone bá pàdé, ohun kan tí wọ́n ń pè ní 6PPD-quinone ń jáde, òjò á sì gbá a láti ojú títì wọ inú odò. LC50 rẹ̀ fún coho, gẹ́gẹ́ bí àtúnṣe ọdún 2022, jẹ́ nǹkan bíi nánógíráàmù 95 nínú lítà kan, ọ̀kan nínú àwọn tó kéré jù lọ tí wọ́n tíì wọ̀n fún ẹja. Ẹni tó bá fi 6PPD nìkan ṣe àfojúsùn, láì wo ohun tí ozone ń sọ ọ́ dà, kò ní bá ohun tó ń pa ẹja náà pàdé.

Chum salmon, ìbátan tímọ́tímọ́ coho, wà láàyè nínú omi kan náà tó pa coho. Rainbow trout, tó wà lára àwọn ẹja tí ìlànà 203 gbà láyè, náà ń kú nínú rẹ̀, àmọ́ ó ń gba ìwọ̀n tó pọ̀ ju ti coho lọ dáadáa. Arctic char kì í kú. Nítorí náà èsì tó dára gan-an, lórí kẹ́míkà tó tọ́ gan-an, ṣì lè tan ènìyàn bí ó bá jẹ́ pé ẹja mìíràn ni wọ́n fi ṣe é.

Ọ̀ràn yìí kan Nàìjíríà náà. Nínú yàrá ìwádìí àwọn yunifásítì ibẹ̀, àrọ̀ àti ẹpìyà ni wọ́n sábà ń lò fún àyẹ̀wò oró inú omi, nítorí pé àwọn ni wọ́n wà nínú odò àti nínú adágún ẹja àwọn àgbẹ̀, àwọn náà ni ènìyàn sì ń jẹ. Àrọ̀ ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lókè omi yàtọ̀ sí èyí tó fi ń mí nínú omi, kò sì pọn dandan pé kí ìwọ̀n tó pa ẹja omi tútù ilẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ́ ìwọ̀n tí yóò pa á. Fún kẹ́míkà tí oró ìpìlẹ̀ nìkan ló ní, ìyàtọ̀ láàárín ẹja sí ẹja kì í pọ̀, a sì lè ka èsì kọjá òkun pẹ̀lú ọkàn balẹ̀ díẹ̀. Fún àwọn tí ara ń sọ di olóró, bí allyl alcohol, ohun gbogbo dúró lórí ẹ́ńsáímù tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ẹja tó wà nínú odò náà.